Ohun Tí Ọwọ́ Ń Wá Lára Ẹ̀dà Ara

Ẹ̀yin olùkọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: kí ni ó ń mú kí ẹ̀dà ara tí a fi ń dánra wò jọ ara ènìyàn? Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe é tà gbà pé ìrísí ni, nítorí náà wọn a kùn ún ní àwọ̀ ẹran, wọn a ya iṣan ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọn a sì dá owó gọbọi lé e. Mo ta kò wọ́n gidigidi. Ọwọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ohun tí ọwọ́ bá sì bá pàdé ni yóò kọ́.

Àwọn àgbà ti mọ èyí tipẹ́. Suśruta, oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Íńdíà ayé àtijọ́, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi elégédé àti bàrà kọ́ bí a ṣe ń la ara, kí ó sì fi aṣọ àti awọ rírọ̀ kọ́ bí a ṣe ń rán ojú ọgbẹ́. Ní Ṣáínà, ní nǹkan bí ọdún 1027, Wang Weiyi fi idẹ rọ ère ènìyàn tí ó ní ihò lára fún àwọn tí ń kọ́ ìwòsàn alábẹ́rẹ́, ìyẹn fífi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gún ojú ibi pàtó lára láti wo àìsàn. Wọn a fi ìda bo àwọn ihò náà, wọn a rọ omi sínú ère, bí abẹ́rẹ́ bá sì bá ojú ibi tó yẹ, omi á tú jáde. Kí olùkọ́ tó la ẹnu rárá, ère náà ti dá akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàì mọ ìwádìí Toronto ti ọdún 2002, tí wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn 40 ṣe, lórí yíyọ òkúta kúrò nínú ọ̀nà ìtọ̀. Àwọn kan lo ẹ̀dà tí owó rẹ̀ tó 3,700 dọ́là Kánádà, àwọn kan lo èyí tí wọ́n fi ife tí a dojú rẹ̀ dé àti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń fa omi mu kàn ní 20 dọ́là, kò sì sí ìyàtọ̀ gidi láàárín iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Síbẹ̀, àwọ̀ ni àwọn kan ṣì ń rà.

Ohun tí mo ń béèrè fún ni ẹ̀dà tí yóò jẹ́ kí àṣìṣe hàn. Awọ ènìyàn a kọ́kọ́ tẹ̀lé ọwọ́, bí a bá fà á síwájú sí i, yóò le; ìfun ní tirẹ̀ a máa ya bí a bá so òwú le jù. Bí silikóònù, ohun rírọ̀ bíi rọ́bà tí a fi ṣe ìfun, bá wá yi jù, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa fa òwú tagbáratagbára, yóò sì padà sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọwọ́ òun rọ̀. Ìgbàgbọ́ yẹn ni yóò gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ara aláìsàn ni yóò sì ti kọ́kọ́ rí àṣìṣe rẹ̀. Èyí ni n kò lè fara mọ́. Ẹ jẹ́ kí ìfun àtọwọ́dá ya. Ẹ rọ omi aláwọ̀ sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá rán an tán, kí ibi tí òwú kò dé máa jò lójú gbogbo wa. Ẹ so rọ́bà tó dúró fún iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́ àpò omi pupa tí a gbé kọ́ sókè, kí ọ̀bẹ tó bá ṣìnà lè rí ẹ̀jẹ̀.

Mo fẹ́ wọ orí ẹ̀dà tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti inú àwòrán CT, ìyẹn àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ ń yà, nígbà tí nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ kan nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn: “Dókítà, ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ní kó máa jáde yìí, ta ni yóò bá akẹ́kọ̀ọ́ fà á kúrò lójú ọgbẹ́? Gbogbo àwòrán tí ẹ fi hàn wá, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni a rí níbẹ̀.”

Òótọ́ ni ó sọ, ìbéèrè náà sì yí ìyókù ọ̀rọ̀ mi padà. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá tú, oníṣẹ́ abẹ yóò fi ìka tẹ ojú ibẹ̀, yóò béèrè fún ẹ̀mú, yóò sì dúró kí ẹlòmíràn fa ẹ̀jẹ̀ náà títí ojú ọgbẹ́ yóò fi mọ́. Bíbéèrè yẹn àti dídúró yẹn wà lára iṣẹ́, ẹ̀dà tí a ń dá nìkan lò kò sì lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ̀dà tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ wúlò púpọ̀ fún gbígbèrò ọ̀nà ṣáájú iṣẹ́ abẹ tó díjú, ṣùgbọ́n ike líle tí wọ́n fi ń tẹ púpọ̀ nínú wọn kò lè kọ́ ọwọ́ ní rírán. Ibi tí àkókò gbà mí dé lórí rẹ̀ nìyẹn. Àpótí tí mo gbé ìfun àtọwọ́dá yìí sí, ọwọ́ méjì péré ni ẹnu rẹ̀ gbà. Mo ti bá akẹ́kọ̀ọ́ tí a jọ kàn án sọ ọ́ pé a ó gé e fẹ̀, kí ọwọ́ mẹ́rin lè wọ inú rẹ̀ papọ̀.