Ta Ni Irọ́ Náà Ń Dáàbò Bò?

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. A dúpẹ́ pé a jí ire.

Ara mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá wí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan pè mí pé mo dé ibo. Mo ní, "Mo ti wà lójú ọ̀nà." Tówẹ́ẹ̀lì ṣì wà nídìí mi, ọṣẹ ìfọyín ṣì ń hó lẹ́nu mi. Ọmọ mi wo tówẹ́ẹ̀lì, ó wo ojú mi, kò sọ nǹkan kan.

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 1:15-21.

Fáráò pàṣẹ fún Ṣífúrà àti Púà, àwọn agbẹ̀bí, pé bí obìnrin Hébérù bá ti bí ọkùnrin, kí wọ́n pa á. Wọn ò pa á. Nígbà tí ọba pè wọ́n, wọ́n ní ara àwọn obìnrin Hébérù le, kí agbẹ̀bí tó dé ni wọ́n ti ń bí. Ẹsẹ 20 sọ pé Ọlọ́run ṣe rere fún wọn! Ráhábù, obìnrin Jẹ́ríkò, náà kó amí Ísírẹ́lì méjì pamọ́ sáàárín pòròpórò ọ̀gbọ̀ lórí òrùlé, ó ní fún àwọn ìránṣẹ́ ọba pé wọ́n ti lọ.

Ṣé irọ́ wá dára nìyẹn? Àgùsítínì, bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́, kò gbà rárá. Ó ní àánú àwọn agbẹ̀bí ni Ọlọ́run san lẹ́san, kì í ṣe irọ́ wọn. Èmi ò lè dá wọn lẹ́bi ṣá o. Ẹni tó ń wá ọmọ ọlọ́mọ láti pa, kí ni mo jẹ ẹ́ tí màá fi júwe ilé fún un? Ẹ̀mí ẹlòmíràn ni wọ́n dáàbò bò, ọrùn tiwọn ni wọ́n fi wewu. Irọ́ tèmi ńkọ́? Ojú ara mi ni mò ń wá bò.

Ti Ábúráhámù ní Gérárì ló tún yà mí lẹ́nu jù (Gẹ́nẹ́sísì 20). Ó sọ nípa Sárà ìyàwó rẹ̀ pé, "Arábìnrin mi ni." Òótọ́ kúkú ni, ọmọ bàbá rẹ̀ ni, ìyá ló yàtọ̀. Àmọ́ òótọ́ tó fi bo òótọ́ mọ́lẹ̀ ni, ìyàwó rẹ̀ ló sì fi ń gba ara rẹ̀ là. Ábímélékì, ọba tí Ábúráhámù rò pé wọn ò bẹ̀rù Ọlọ́run nílùú rẹ̀, ló wá ń bá Ábúráhámù tó jẹ́ wòlíì wí.

Kò pọn dandan ká máa tú gbogbo ohun tá a mọ̀ síta o. A lè dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà:

Olúwa, fi ẹ̀ṣọ́ síwájú ẹnu mi, pa ìlẹ̀kùn ètè mi mọ́, pàápàá tí fóònù bá dún.

Bàbá, irọ́ tí mo ti pa tó ti ń bímọ, tí mò ń fi òmíràn tì lẹ́yìn, fún mi nígboyà kí n lọ jẹ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú.

Ẹni tí òótọ́ ẹnu rẹ̀ lè pa aláìṣẹ̀ láàárọ̀ yìí, Olúwa, fún un lọ́gbọ́n bíi ti àwọn agbẹ̀bí, kó o sì bo òun náà.

Má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi lọmọ mi ti máa kọ́ irọ́.

Lórúkọ Jésù. Àmín.