Ẹ Ka Ìdí Ìdájọ́, Ẹ Má Ka Àṣẹ Rẹ̀ Nìkan

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà agbẹjọ́rò àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ òfin. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò Gani Fawẹhinmi. Ẹ mọ ìtàn náà: oṣù kìíní 1996, àwọn SSS, àwọn ọlọ́pàá inú ìjọba, lọ gbé e nílé rẹ̀ l'Ékòó, kò sí ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní 2000, àwọn adájọ́ ní Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí a ti sọ di òfin ilẹ̀ wa láti 1983, lágbára ju àwọn òfin yòókù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ga ju ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Gbogbo yín lẹ ti kọ èyí nínú ìdánwò. Ìbéèrè tí wọn kì í bi yín ni pé: òfin tó lágbára báyìí, ta ló ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa?

Kóòtù ECOWAS, ti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni mo máa ń dáhùn, àwọn ọ̀rẹ́ mi kan á sì rẹ́rìn-ín pé kóòtù yẹn ò léyín. Abuja níbẹ̀ ló wà o! Àwọn aṣòfin wa lè wakọ̀ débẹ̀ kí wọ́n sì padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó tutù. Ní 2004, kóòtù náà dá oníṣòwò kan padà, ẹni tí títì ibodè àwa àti Benin pa lára, pé aládàáni kò lè gbé ìjọba wá síwájú òun. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ECOWAS ṣí ilẹ̀kùn kóòtù náà fún aládàáni.

Ẹ wá wo abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015. Ó sọ pé ẹni tó bá fi irọ́ ránṣẹ́ láti mú inú bí ẹlòmíràn lè ṣẹ̀wọ̀n. Ìbínú ta ni? Ta ló wọ̀n ọ́n? Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn l'Ékòó ní 2019 pé òfin náà yé èèyàn dáadáa. Ní oṣù keje 2020, Kóòtù ECOWAS ní ó tako ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, kí Nàìjíríà pa á rẹ́ tàbí kó tún un ṣe. Ó tún sọ bẹ́ẹ̀ ní 2022.

A tún un ṣe lóòótọ́, ní 2024. Wọ́n yọ ìbínú kúrò, wọ́n fi irọ́ tó lè da ìlú rú rọ́pò. Dída ìlú rú ńkọ́, ta ló wọ̀n ìyẹn? Àwọn tó kọ àtúnṣe náà ka àṣẹ tó wà nísàlẹ̀ ìdájọ́, wọn ò ka ìdí rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ tí kò ní ààlà kò yẹ kó rán èèyàn lẹ́wọ̀n. Wọ́n ṣì ń fi òfin yìí mú akọ̀ròyìn lẹ́yìn àtúnṣe.

Alága ti ń fi aago hàn mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sá sábẹ́ abala 12 ìwé òfin orílẹ̀-èdè, pé àdéhùn kì í ṣe òfin àfi tí aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin: a ti ṣe ìyẹn ní 1983, kí lẹ tún ń wá? Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń mú ìdájọ́ ṣẹ di ọjọ́ mìíràn.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan dìde lẹ́yìn: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìdájọ́ tí wọ́n dá fún orílẹ̀-èdè mìíràn, ṣé ó kàn wá?”

Ìyá mi, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀! Ní 2018, kóòtù yìí kan náà ní kí Gambia pa òfin tó sọ ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ síjọba, ìbanilórúkọjẹ́ àti ìròyìn èké di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn rẹ́, tàbí kó tún wọn ṣe. Ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì amúnisìn ni Gambia ti jogún wọn, àwa náà ńkọ́? Ẹ ṣí ìwé òfin ọ̀daràn wa sí abala 50 sí 52, ti ìdìtẹ̀, àti 59, ti ìròyìn èké. Lórí ẹjọ́ Arthur Nwankwo, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tiwa ti sọ ní 1983 pé ti ìdìtẹ̀ yẹn kò bá ìwé òfin orílẹ̀-èdè mu, síbẹ̀ ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ìdájọ́ Gambia ní 2018 ti mọ ibi tí abala 24 ń lọ ní ọdún méjì ṣáájú.

Ó ní, “Sà, ta ló yẹ kó máa kà á?” Mo ní àwọn tó ń kọ àbádòfin ní ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́, kí wọ́n tó gbé gègé rárá. Mo fẹ́ fi kún un, alága ti gba maíìkì.