Lẹ́tà Kan Ṣoṣo Nínú Ẹ̀jẹ̀

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ wa ní Ilé-Ifẹ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, ẹ wo inú ife dígí yìí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí mo rà ní Sábó láàárọ̀ yìí ni. Mo fọ́ ọ sínú omi iyọ̀ àti ọṣẹ olómi, mo fi asẹ́ sẹ́ ẹ bí ẹní sẹ́ ògì. Ọṣẹ ti tú ara sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ palẹ̀. Sípírítì tó ti tutù nínú fíríìjì ni mo ń rọra dà lé e lórí yìí. Ẹ rí ohun funfun tó ń gbéra bọ̀, tó ń fà bí ikun? DNA nìyẹn, àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tí òbí ń fún ọmọ. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tó láti fi ká a jáde.

Bí wọ́n ṣe hun ún ni ojú lásán kò lè rí. Okùn méjì ló lọ́ mọ́ra. Ṣúgà àti fọ́sífétì ni ẹ̀yìn okùn kọ̀ọ̀kan. Inú ni lẹ́tà mẹ́rin wà: A, T, G àti C. T nìkan ni A ń dì mọ́, C nìkan ni G ń dì mọ́. Ní 1952, Rosalind Franklin àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Raymond Gosling fi ìtànṣán X ya àwòrán rẹ̀ ní London. Ní 1953, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì mìíràn, Watson àti Crick, gbé àpẹẹrẹ okùn méjì náà jáde. Franklin kú ní 1958, kí ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n fún Watson àti Crick lórí rẹ̀ ní 1962 tó dé. Ó ṣì ń dùn mí.

Bí mo bá rí okùn kan, mo ti mọ èkejì: níbi tí ọ̀kan bá ti jẹ́ GAG, CTC ni ẹnìkejì rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lè da ara rẹ̀ kọ nìyẹn. Ẹ rántí ìwé ilẹ̀ bàbá yín: ojúlówó wà nínú àpótí, fọ́tókópì là ń gbé kiri. Inú kóró sẹ́ẹ̀lì ni DNA ń gbé. RNA ni fọ́tókópì. Okùn kan ṣoṣo ló sábà máa ń jẹ́, U ló jókòó sípò T, ṣúgà rẹ̀ sì fi ọ́síjìn kan ju ti DNA lọ. Ọ́síjìn yẹn ni kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó bàjẹ́.

Hẹmoglóbìn ni ohun tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Níbi kan tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú DNA ti yẹ kó jẹ́ GAG, ó lè di GTG. Lẹ́tà kan péré. Láti ibẹ̀ ni hẹmoglóbìn ti ń lẹ̀ mọ́ra, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀ bíi dòjé. Fòníkú-fọ̀ladìde dé nìyẹn, bí ọmọ bá gba àṣìṣe náà lọ́dọ̀ òbí méjèèjì.

Ìyá kan na ọwọ́. AS ni òun àti ọkọ òun, SS ni àkọ́bí wọn. Wọ́n ní ọ̀kan nínú mẹ́rin ni, ṣé mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn? Rárá o, ìyá mi. Ẹ̀dà méjì àkọsílẹ̀ yìí ni bàbá ní, A tó pé àti S tó ní àṣìṣe; ọ̀kan ló ń fún ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá. Oyún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n tún ń mú un látìbẹ̀rẹ̀, èyí tó kọjá kò sì gba nǹkan kan kúrò lórí èyí tó ń bọ̀.