Ìwọ̀n Ìtẹ́wọ́gbà Ìpè: Ohun Tó Ń Gbé E Sókè, Ohun Tó Ń Fà Á Wálẹ̀, àti Bí Awakọ̀ Ṣe Lè Máa Ṣọ́ Ọ

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣí áàpù tí ẹ fi ń gbé èrò, kí ẹ tẹ ibi tí àwòrán yín wà. Ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ Acceptance Rate sí lára. Ìwọ̀n ìtẹ́wọ́gbà ni a ó máa pè é nínú fídíò yìí. Àyà ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń já tí wọ́n bá wò ó, nítorí pé ó lè wà ní 84% lánàá kó sì ti di 79% lónìí, láìjẹ́ pé wọ́n mọ ohun tó fà á. Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ kò le rárá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ti mọ ibi tí nọ́ńbà náà ń lọ kó tó débẹ̀.

Nínú gbogbo ìpè tí áàpù fi ránṣẹ́ sí yín, ìyẹn ni pé èrò kan ń wá ọkọ̀, mélòó lẹ gbà? Ohun tí wọ́n ń ṣírò nìyẹn. Bí ìpè 50 bá wọlé tí ẹ sì gba 40, ìwọ̀n yín jẹ́ 80%. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ pọ̀ ni pé àwọn áàpù kì í ka ìpè bákan náà. Áàpù mìíràn ń ka 100 ìpè tó kẹ́yìn, òmíràn ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí láti ìgbà tí àjẹmọ́nú kan bẹ̀rẹ̀, ìyẹn owó àfikún tí áàpù ń fún awakọ̀ tó bá dé àfojúsùn. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Àlàyé kékeré máa ń ṣí jáde lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ìlànà tí áàpù yín ń tẹ̀ lé. Ẹ má ṣe ìṣirò kankan kí ẹ tó ka ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti 100 ìpè tó kẹ́yìn, tí Uber àti Lyft ń lò. Ẹ wò ó bí ìlà àwọn tó ń dúró wọkọ̀, ìlà tí kò gbà ju èèyàn 100 lọ. Bí ẹnì kan bá tò sẹ́yìn, ẹni tó wà níwájú pátápátá á bọ́ síta. Nítorí náà, ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀ pa pọ̀ nígbàkigbà tí ìpè tuntun bá wọlé: tuntun wọlé, èyí tó pẹ́ jù jáde. Àwọn méjèèjì ló ń pinnu ohun tí ẹ máa rí.

Bí ẹ bá gba tuntun, tó sì jẹ́ pé èyí tí ẹ kọ̀ nígbà kan ló jáde, ẹ gòkè 1%. Bí ẹ bá gbà á, tó jẹ́ pé èyí tí ẹ gbà náà ló jáde, nọ́ńbà ò ní kúrò lójú kan. Bí ẹ bá kọ tuntun, tó jẹ́ pé èyí tí ẹ gbà ló jáde, ẹ sọ̀ kalẹ̀ 1%. Bí ẹ bá sì kọ̀ ọ́, tó jẹ́ pé èyí tí ẹ kọ̀ ló jáde, kò sí ohun tó máa yí padà.

Ìdí nìyí tí awakọ̀ fi lè gba ìpè 15 léra wọn kí ìwọ̀n rẹ̀ má sún rárá, táá wá máa rò pé áàpù ń rẹ́ òun jẹ. Ká ní ìwọ̀n yín jẹ́ 72%, ẹ sì fẹ́ dé 80%. Ìpè 28 lẹ ti kọ̀ nínú 100 yẹn. Bó bá jẹ́ pé iwájú ìlà pátápátá ni gbogbo 28 náà wà, bí ẹ bá gba ìpè 8 léra wọn, ẹ ti débẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n wà, ìyẹn ni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ wọ́n ni, ìpè 72 tí ẹ ti gbà ló máa kọ́kọ́ jáde láìsí ìyàtọ̀ kankan, kí àwọn 8 tó tẹ̀ lé e tó wá gbé yín dé 80%. Ìpè 80 gbáko nìyẹn. Ìwọ̀n kan náà ni, àfojúsùn kan náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ kan ni fún ẹnì kan, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni fún ẹlòmíràn. Ibi tí ìpè tí ẹ kọ̀ wà lórí ìlà ló fa ìyàtọ̀ náà, ojú áàpù kì í sì í fi ibẹ̀ hàn yín.

Ẹ lè ṣọ́ ọ fúnra yín. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fa àpótí 10 lọ sí ọ̀tún, 10 lọ sí ìsàlẹ̀. Àpótí 100 ti pé. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ lò. Ìpè àkọ́kọ́ lọ sínú àpótí àkọ́kọ́: G bí ẹ bá gbà á, K bí ẹ bá kọ̀ ọ́, S bó bá sá mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ máa kọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí ìwé á fi kún. Nígbà tó bá kún, ẹ padà sí àpótí àkọ́kọ́, ẹ pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, ẹ kọ tuntun sí i. Èyí tí ẹ ń pa rẹ́ yẹn gan-an ni èyí tó ń jáde lórí ìlà áàpù. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá wo àpótí 10 tó kàn, ẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀. Bí K tàbí S 6 bá wà nínú wọn, tí ẹ sì gba 10 tó ń bọ̀, ẹ máa gòkè 6%. Bó bá jẹ́ G nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ má retí kó gòkè, ẹ kàn ń ṣọ́ ọ kó má bàa sọ̀ kalẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ohunkóhun nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Ìgbà tí èrò bá bọ́ sílẹ̀ tí ẹ sì ti dúró síbi tó dára ni kí ẹ kọ ọ́. Àwọn tí ẹ gbà wà nínú àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò lórí áàpù, ẹ lè wá wọn rí nírọ̀lẹ́. Àwọn tí ẹ kọ̀ àti àwọn tó sá lọ ló yẹ kí ẹ tètè kọ sílẹ̀, pẹ̀lú aago tí wọ́n wọlé.

Àwọn áàpù tó ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ àjẹmọ́nú kò ní ìlà tí nǹkan ń jáde lára rẹ̀. Ohun tí ẹ kọ̀ lọ́jọ́ Ajé ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ìṣirò tiwọn rọrùn. Bí àfojúsùn bá jẹ́ 75%, ìpè kan tí ẹ kọ̀ ń béèrè 3 tí ẹ gbà. Bó bá jẹ́ 80%, ó ń béèrè 4. Bó bá jẹ́ 90%, ó ń béèrè 9. Ká ní ìpè 60 ti wọlé, ẹ gba 40, ẹ kọ 20. Fún 80%, 20 lọ́nà 4 jẹ́ 80. Ẹ ti ní 40, ó ku 40 tí ẹ máa gbà léra wọn láìkọ ìkankan. Fún 90%, 20 lọ́nà 9 jẹ́ 180, ó ku 140. Ẹni tó bá rí i pé ó ku 140, tí ọ̀sẹ̀ sì ku ọjọ́ méjì, kó yáa fi àjẹmọ́nú yẹn sílẹ̀, kó máa mú ìpè tó lérè. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà tún gbẹgẹ́: bí ìpè 4 péré bá ti wọlé tí ẹ kọ ọ̀kan, ẹ ti wà ní 75%. Ìyẹn kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni ń dààmú lé lórí.

Èyí tó sá lọ, tí a fi S sàmì sí, òun ló ń dùn mí jù fún awakọ̀, torí pé kò rí èrè kankan nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni áàpù ń fúnni láti tẹ ìpè. Bó bá kọjá, kíkọ̀ ni wọ́n kà á sí, ì báà ṣe pé ẹ ò gbọ́ ọ rárá. Ẹ wo fóònù tó wà lára gíláàsì iwájú yìí. Oòrùn ń pa á, ó sì wà lórí ṣájà. Bí fóònù bá gbóná jù, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn fúnra rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ á sì falẹ̀. Ẹ gbé e sún mọ́ ihò tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ jáde, kúrò lójú oòrùn. Ẹ wo ètò inú fóònù náà: ẹ yọ áàpù yín kúrò lára àwọn tí fóònù ń dá dúró láti fi ṣọ́ bátìrì, kí ẹ sì gbà á láyè láti yọ sójú àwọn áàpù mìíràn, pàápàá bí ẹ bá ń lo máàpù míì. Ìkẹta ni Bluetooth. Bí fóònù bá so mọ́ rédíò ọkọ̀, inú rédíò ni ìró ìpè ń gbà jáde. Tí ẹ bá ti yí rédíò náà sílẹ̀ torí èrò tó ń sọ̀rọ̀, ìpè á wọlé, á tún jáde, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Bí ẹ bá fẹ́ jẹun, ra epo, tàbí lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kúrò lórí ọ́ńláìnì. Kì í ṣe tí ẹ bá débẹ̀ tán. Ọ̀pọ̀ áàpù tún ń fi ìpè tó kàn ránṣẹ́ nígbà tí èrò ṣì wà nínú ọkọ̀ yín, wọ́n sì ní bọ́tìnì tí ẹ lè fi dá ìpè tuntun dúró lẹ́yìn ìrìn-àjò tó wà lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé òun ló kẹ́yìn tí ẹ fẹ́ gbé lọ́jọ́ náà, ẹ tẹ bọ́tìnì yẹn kí ẹ tó gbéra. Àwọn tó ń lo áàpù méjì pọ̀ ló yẹ kó máa rántí pé gbàrà tí wọ́n bá gba ìpè lórí ọ̀kan, kí wọ́n pa èkejì.

Kì í ṣe gbogbo ìpè tó bá yọ lójú fóònù ló ń wọ inú ìṣirò o. Àwọn tí áàpù fi han ọ̀pọ̀ awakọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pé ẹni tó bá wù kó mú un, kì í sábà kan ìwọ̀n yín bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀. Èyí tí wọ́n darí sí yín nìkan ni wọ́n ń kà. Ẹ má fi irú èyí àkọ́kọ́ sínú àpótí yín.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ máa gba ìpè torí ìwọ̀n, kí ẹ wá wọ́gi lé e lẹ́yìn náà. Ìwọ̀n ìwọ́gilé dá dúró lọ́tọ̀, òun ló sì burú jù nínú méjèèjì. Ìwọ̀n ìtẹ́wọ́gbà tó relẹ̀ sábà máa ń gba àǹfààní lọ́wọ́ awakọ̀: àjẹmọ́nú, ẹ̀dínwó, tàbí rírí ibi tí èrò ń lọ kí ẹ tó gbà. Ìwọ́gilé tó pọ̀ lè mú kí wọ́n ti àkáǹtì yín pa. Èrò tí ẹ ti gbà ti dúró dè yín, inú rẹ̀ ò sì ní dùn. Ìpè tí ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní lọ, ẹ kọ̀ ọ́ kíá, kó lè dé ọ̀dọ̀ awakọ̀ míì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó yẹ kí ẹ kọ̀? Ẹ ro ọ̀nà tí ẹ máa rìn lọ gbé èrò pọ̀ mọ́ ọ̀nà tí ẹ máa gbé e rìn. Bí èrò bá jìnnà sí yín ní kìlómítà 7, tí ìrìn-àjò rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 4, ẹ máa rin 11, èrò kò sì sí lẹ́yìn yín fún 7 níbẹ̀. Ìrìn-àjò kìlómítà 6 tí èrò rẹ̀ wà ní kìlómítà kan àbọ̀ sí yín yàtọ̀ pátápátá: nínú 7.5 tí ẹ rìn, èrò wà nínú ọkọ̀ fún 80% rẹ̀. Bí ọ̀nà lílọ gbé èrò bá ju ìdajì ìrìn-àjò rẹ̀ lọ, tí owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò sì dí àlàfo náà, lójú tèmi, ẹ kọ̀ ọ́, àfi bí àfojúsùn àjẹmọ́nú bá ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ẹ tún wo ibi tí ẹ máa já èrò sí. Bí ìpè kì í bá wá láti àdúgbò yẹn, ẹ ka ọ̀nà àbọ̀ mọ́ ọn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú bóyá ìwọ̀n gíga lérè fún yín, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì wò ó. Ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gba ohun tó bá wá. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ yan èyí tó dára. Ọjọ́ kan náà àti wákàtí kan náà ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Ẹ yọ owó epo kúrò nínú owó tó wọlé, ẹ ka àjẹmọ́nú mọ́ ọn, kí ẹ wá fi gbogbo wákàtí tí ẹ lò lọ́ńláìnì pín in. Ìdúró náà wà lára wákàtí yẹn. Owó wákàtí kan ló máa sọ òótọ́ fún yín, ìwọ̀n ìtẹ́wọ́gbà nìkan kò lè sọ ọ́.

Láràárọ̀, kí ẹ tó bọ́ sí ọ́ńláìnì, ẹ ya àwòrán ojú áàpù níbi tí ìwọ̀n wà. Ẹ tún yà á tí ẹ bá parí iṣẹ́. Bí ti áàpù bá yàtọ̀ sí àpótí yín pẹ̀lú 1% tàbí 2%, ẹ fún un ní àyè, torí pé nọ́ńbà náà kì í yí padà lójú ẹsẹ̀ nígbà gbogbo. Bó bá di ọjọ́ kejì tí ìyàtọ̀ ṣì wà, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń dáhùn ìṣòro awakọ̀ nínú áàpù. Ẹ má kọ ìwé gígùn. Ẹ fi àwòrán méjèèjì sí i, ẹ kọ ọjọ́ àti aago, ẹ sọ iye ìpè tí ẹ gbà àti èyí tí ẹ kọ̀ láàárín àkókò náà, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ìpè aago mélòó lẹ kà sí kíkọ̀ fún mi?