Bí A Ṣe Ń Tan Iná sí Òpópónà Rélùwéè Orí Tábìlì

Ẹ̀yin olólùfẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ẹ kú ìjókòó o. Lónìí, iná la fẹ́ tàn sí òpópónà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè orí tábìlì wa, ìyẹn rélùwéè kékeré tí a fi ń ṣàfarawé ti gidi. Station Road ní Òṣogbo ni mo ń kọ́, níbi tí rélùwéè wọ̀ lọ́dún 1907, lẹ́yìn tó ti dé Ìbàdàn lọ́dún 1901.

Òpó iná tó tò lọ bẹẹrẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú l'Óṣogbo, ìsàlẹ̀ ni iná pọ̀ sí: lórí àtẹ ọlọ́sàn, lẹ́nu ìsọ̀ oní-POS, lábẹ́ agbada aláàkàrà. Ẹ pa òpó iná tì ná. Àtùpà àwọn ọlọ́jà ló máa jẹ́ kí ọmọ Òṣogbo wo tábìlì yín, kó sì mọ̀ pé ilé ni.

Ìwọ̀n HO ni mo ń lò, ìyẹn ni pé mìlímítà kan dúró fún mìlímítà 87. Ojú irin Òṣogbo gidi fẹ̀ tó mìlímítà 1,067, ìdí nìyẹn tí tèmi fi jẹ́ mìlímítà 12. Ènìyàn ò ju nǹkan bíi mìlímítà 20 lọ. Tábìlì aláàkàrà ò tó 9. Ẹ wá gbé LED (gílóòbù kékeré) mìlímítà 3 tó wọ́pọ̀ lọ́jà sórí tábìlì yẹn. Ní ìwọ̀n ti gidi, ó ti di sẹ̀ǹtímítà 26, ó ju bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá lọ! LED tí wọ́n ń pè ní 0603 ni kí ẹ béèrè. Mìlímítà 1.6 péré ni gígùn rẹ̀.

Wáyà ńkọ́? Ẹ tọ àwọn tó ń tún fóònù ṣe lọ. Wáyà tín-ínrín tí wọ́n fi ń so ojú ọ̀nà iná tó já nínú fóònù, òun gan-an la fẹ́. Ọ̀dà wà lára rẹ̀ tí ojú ò rí. Ẹ fi ẹnu áyọ́nù tí wọ́n fi ń jó sódà (soldering iron) jó o kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná ò ní kọjá. Ẹ sì fi bátìrì pẹlẹbẹ volt 3 dán LED wò kí ẹ tó jó o mọ́ wáyà. Tí kò bá tàn, ẹ yí i padà.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa. Wọ́n á sọ fún yín pé LED lè gba mílíáńpù 20, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Òótọ́ ni, àmọ́ àtùpà kẹrosíìnì kì í mọ́lẹ̀ gbòò bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: adapter mú volt 12 wá, LED mú nǹkan bíi 3, ó ku 9. Rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) ti ohm 4,700 á jẹ́ kí nǹkan bíi mílíáńpù 2 kọjá. Tó bá ṣì ń tàn jù lójú yín, ẹ lo 10,000. LED kọ̀ọ̀kan ló ni rẹsísítọ̀ tirẹ̀.

Fún iná abẹ́ agbada, ẹ tú àbẹ́là oníbátìrì tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ òde ìgbéyàwó. LED inú rẹ̀ ń ṣẹ́jú fúnra rẹ̀. Irú rẹ̀ ni màá lò lọ́jọ́ tí mo bá kọ́ ààfin Àtáọ́ja, fún Iná Olójúmẹ́rìndínlógún ti ọdún Ọ̀ṣun, nítorí ojú iná 16 yẹn ò gbọdọ̀ máa ṣẹ́jú pa pọ̀.

Ilé tí ẹ bá fi páálí kọ́, ẹ kun inú rẹ̀ ní dúdú, kí iná má baà yọ lára ògiri.

Ó wá kan ohun tí mo fẹ́ràn jù: ẹ pín iná sọ́nà méjì. Súìṣì kan fún iná ìjọba, ìyẹn òpó iná àti inú ilé. Èkejì fún àwọn tí kì í dúró de ìjọba: àtùpà, iná àdògán, ìsọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀. Ẹ pa ti àkọ́kọ́, òpópónà yín á ṣì máa tajà. Lábẹ́ pákó, wáyà nẹ́gẹ́tíìfù ọ̀nà méjèèjì lè pàdé lójú kan. Pósítíìfù ni súìṣì á máa gé. Ẹ tan gbogbo rẹ̀ wò kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù lẹ ilé kankan mọ́lẹ̀.