Wọ́n Ti Pa Ríákítọ̀, Ta Ló Máa Palẹ̀ Mọ́?

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1987, nílùú Goiânia lórílẹ̀-èdè Brazil. Ọkùnrin méjì yọ́ wọ ilé ìtọ́jú kan tí àwọn tó ni ín ti kó kúrò níbẹ̀. Irin àlòkù tí wọ́n lè tà ni wọ́n ń wá. Wọ́n rí ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, wọ́n tú orí rẹ̀ gbé lọ, wọ́n sì tà á fún oníṣòwò irin. Nígbà tí wọ́n fọ́ ọ wò, ìyẹ̀fun kan wà nínú rẹ̀ tó ń tàn yòò ní àwọ̀ búlúù tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ó wu gbogbo ẹni tó rí i. Wọ́n bù ú fún ẹbí, wọ́n bù ú fún ọ̀rẹ́, àwọn kan tiẹ̀ fi para. Késíọ̀mù-137 ni, èròjà tó ń yọ ìtànṣán olóró, gbogbo rẹ̀ pátá kò sì tó 100 gíráàmù. Èèyàn mẹ́rin kú. Wọ́n bá a lára èèyàn 249, èèyàn tó lé ní 100,000 ni wọ́n sì yẹ̀ wò kí wọ́n tó mọ ibi tó dé.

Ẹ̀rọ yẹn kò bú gbàmù o. Wọ́n kàn fi í sílẹ̀ lọ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká jọ wo iṣẹ́ tí ìròyìn kì í sábà kàn: bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ ilé iṣẹ́ núkílíà mọ́ nígbà tó bá ti gbó. Àwọn tó ń fi núkílíà pèsè iná mànàmáná la máa dúró lé lórí jù, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti le jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n pa ríákítọ̀, ìyẹn ibi tí iná núkílíà ti ń jó nínú ilé iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá yọ igi nídìí ààrò, ẹyin iná á ṣì máa gbóná lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni tibí rí. Lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá pa á, àwọn ọ̀pá yùréníọ̀mù inú rẹ̀, tó dà bí igi ìdáná rẹ̀, ṣì ń mú nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 ooru tí wọ́n ń mú jáde tẹ́lẹ̀ wá. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa rọlẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á rì wọ́n sínú kòtò omi ńlá kan, omi á bò wọ́n mọ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ mítà, wọ́n á sì wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Omi yẹn ń gba ooru, ó sì ń dí ìtànṣán olóró lọ́nà. Tí wọ́n bá ti tutù tó, wọ́n á kó wọn sínú àgbá irin tí kọnkéré nípọn yí ká. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń fẹ́ àgbá náà, atẹ́gùn lásán ló ń mú un tutù.

Nǹkan bí ìdá 99 nínú 100 gbogbo ìtànṣán olóró tó wà nínú ọgbà náà ló ń bá àwọn ọ̀pá yìí jáde. Ìdá kan tó kù yẹn ló wá ń gba ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oríṣi méjì ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ páìpù, ilẹ̀ àti ògiri. Èyí ṣeé fọ̀, ó ṣeé ha kúrò. Ìkejì ni irin tí òun fúnra rẹ̀ ti di olóró, torí pé ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná núkílíà fún ọdún gbọọrọ. Ẹ fọ̀ ọ́ títí, kò lè mọ́. Èyí tó ń yọ òṣìṣẹ́ lẹ́nu jù nínú irin bẹ́ẹ̀ ni kóbáàtì-60, èròjà olóró kan tí agbára rẹ̀ ń dín sí ìdajì ní ọdún 5 àti díẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 53, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ló máa kù.

Ẹnì kan á ní, ṣebí ká tì í pa ká dúró dè é nígbà náà? Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Britain, wọ́n pinnu pé kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ríákítọ̀ Magnox àtijọ́ wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tú wọn. Òfin Amẹ́ríkà sì fàyè ọdún 60 sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Àjọ Àgbáyé tó ń rí sí Agbára Átọ́míìkì, IAEA, fara mọ́ kí wọ́n tètè tú u, èmi náà sì rí ọgbọ́n níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó mọ ibi tí páìpù kan gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀ kò ní dúró de kóbáàtì, á fẹ̀yìn tì ni.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gé irin inú ríákítọ̀ ná. Abẹ́ omi ni wọ́n ti ń gé e. Òṣìṣẹ́ á dúró sórí afárá irin lókè, ẹ̀rọ ìgérin á wà lópin apá gígùn, kámẹ́rà á sì máa fi ohun tó ń ṣe nísàlẹ̀ hàn án. Bí wọ́n bá lo ayùn, èérún irin á máa já bọ́. Bí wọ́n bá lo iná gbígbóná tó ń yọ́ irin, omi á dàrú, kámẹ́rà kò sì ní ríran mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa fa èérún yẹn kí wọ́n sì máa sẹ́ omi náà, torí èérún tí kò tóbi ju èékánná lọ lè lóró ju gbogbo ìlẹ̀kùn ilé náà lọ. Wọ́n á wọn oró ègé kọ̀ọ̀kan kó tó wọ àgbá tirẹ̀.

Nígbà míì, wọn kì í gé e rárá. Ní Shippingport ní Pennsylvania, ilé amúnáwá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1957 tí wọ́n sì pa lọ́dún 1982, odindi ìkòkò ríákítọ̀ ni wọ́n gbé sórí ọkọ̀ ojú omi. Ó gba Panama Canal kọjá títí dé Hanford ní ìpínlẹ̀ Washington, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Ògiri ò le tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ha kọnkéré ibi tí ìdọ̀tí ti wọ̀, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n wò, bí kò bá tíì mọ́, wọ́n á tún ha á. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwókù ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ kọnkéré àti irin lásán.

Ohun tó ń dá iṣẹ́ yìí dúró jù, lójú tèmi, ni àìmọ ohun tó wà níbẹ̀. Ní Dounreay ní àríwá Scotland, ihò kan wà tó jìn tó mítà 65, tí wọ́n ń ju ìdọ̀tí núkílíà sí láti ọdún 1959. Àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n jù síbẹ̀ kò pé. Lọ́dún 1977, ó bú gbàmù. Àwọn baba wa sọ pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwọn ẹnjiníà tó jogún ihò yẹn kò lè gbàgbé rárá.

Ibi tí jàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ní Chernobyl ní Ukraine, wọ́n ti òrùlé irin kan tó ga ní mítà 108 bo ríákítọ̀ tó bàjẹ́ lọ́dún 2016, kí wọ́n lè ráyè ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ní Fukushima Daiichi ní Japan, wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 880 yùréníọ̀mù àti irin tó yọ́ pọ̀ ló wà nísàlẹ̀ ríákítọ̀ mẹ́ta. Oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n tó mú ègé àkọ́kọ́ jáde, kò sì tó 1 gíráàmù.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó àti ibùsùn ìkẹyìn fún àwọn ọ̀pá yùréníọ̀mù náà. Finland gbẹ́ ibi tirẹ̀, Onkalo, sínú àpáta tó jìn ju mítà 400 lọ. Amẹ́ríkà ò tíì ní irú rẹ̀ fún àwọn ilé amúnáwá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Maine Yankee, ilé amúnáwá núkílíà kan ní Wiscasset ní ìpínlẹ̀ Maine, fi dà bó ṣe dà. Wọ́n pa á lọ́dún 1997, wọ́n wó ilé kọnkéré ríákítọ̀ rẹ̀ lọ́dún 2004, nígbà tó fi máa di 2005 iṣẹ́ ti parí. Àgbá 64 ló ṣẹ́ kù sórí ilẹ̀, pẹ̀lú ọgbà àti àwọn tó ń fi ìbọn ṣọ́ wọn. Ìjọba àpapọ̀ ti bá wọn ṣàdéhùn pé òun máa bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún 1998, kò sì kó o. Ilé ẹjọ́ dá ìjọba lẹ́bi, àpò ìjọba ni owó ìṣọ́ sì ti ń jáde.