Okùn Nokia Àtijọ́ Tó Lè Tú Router Yín Sílẹ̀

Ẹ wo okùn ọwọ́ mi yìí dáadáa. Orí kan rẹ̀ jẹ́ USB. Orí kejì fẹ̀, ó pẹlẹbẹ, eyín wẹ́wẹ́ tò sínú ẹ̀: òun ni wọ́n ń kì bọ ìdí Nokia 3100 àti 3220 láyé ijọ́un. CA-42 ni wọ́n ń pè é. Ẹ yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Ọjà Ọba, l'Ákùúrẹ́ níbí, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ tú páálí tí wọ́n ń da àlòkù sí. Ẹ má sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe o, kí owó má baà gorí i.

Kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹ wo router yìí. Iná ń tàn lára ẹ̀, síbẹ̀ kò jẹ́ kéèyàn wọlé. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí ihò mẹ́rin tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí board. Ibẹ̀ ló ti máa ń sọ tinú ẹ̀, serial ló sì fi ń sọ ọ́, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń to ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan gba orí wáyà kan. Laptop ayé ìsinsìnyí kò ní ẹnu serial mọ́, USB nìkan ló gbọ́. Ògbufọ̀ la nílò, inú okùn yìí ló sì wà.

Àwọn Nokia wọ̀nyẹn náà, serial ni wọ́n ń sọ. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fi chip kan pamọ́ sínú okùn náà. Nínú ọ̀pọ̀ CA-42 ayédèrú, PL2303 ti ilé iṣẹ́ Prolific ní Taiwan ni, tàbí àfarawé rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ARK3116. Fún iṣẹ́ tòní, ayédèrú gan-an ni kẹ́ ẹ wá.

Kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ ki okùn bọ kọ̀ǹpútà. Lórí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ẹ tẹ lsusb sínú terminal, ojú ibi tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí. Bí ẹ bá rí 067b:2303, PL2303 nìyẹn. 6547:0232 ni ti ARK3116. Ó máa jáde bíi /dev/ttyUSB0, kò sí driver, ìyẹn software tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ okùn lò, tẹ́ ẹ máa wá kiri. Windows ni oníjọ̀gbọ̀n. Driver tuntun Prolific kì í gba chip àtijọ́ àti ayédèrú, á ní wọ́n ti pa PL2303HXA tì láti 2012. Ẹ lè padà sí driver àtijọ́, àmọ́ tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi flash gbé Linux dìde. Ìjà Prolific kì í ṣe ìjà tiwa.

Ó yá, ẹ yọ okùn kúrò lára kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ gé orí fóònù dànù. Wáyà tín-ín-rín ló wà nínú ẹ̀, ẹ rọra fi abẹ bó o. Ẹ má fọkàn tán àwọ̀ wọn. Àwọ̀ tó bá wà nílẹ̀ ni ẹni tó ṣe é lò.

Ẹ yí mítà tí wọ́n fi ń wọn iná (multimeter) sí ibi tó ń ké píì. Ẹ fi ẹnu kan kan irin ìkẹrin nínú orí USB, ìyẹn èyí tó wà létí ní òdìkejì ti volt 5, kẹ́ ẹ máa fi ẹnu kejì kan àwọn wáyà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wáyà tó bá ké ni ground, ìyẹn ti volt òdo.

Ẹ wá ki okùn padà, kẹ́ ẹ yí mítà sí DC, kí ẹnu rẹ̀ kan wà lára ground. Bí wáyà kan bá gbé volt 5, ẹ fi téèpù dì í, a ò fẹ́ ẹ. TX, wáyà tí okùn fi ń sọ̀rọ̀, máa dúró ní nǹkan bíi volt 3.3, àmọ́ RX, èyí tó fi ń gbọ́rọ̀, náà lè dúró síbẹ̀. Báwo la ṣe máa yà wọ́n? Ibi tó dùn nìyí. Ẹ ṣí PuTTY, software tí wọ́n fi ń bá serial sọ̀rọ̀, ẹ fi baud, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yára tó, sí 300, kẹ́ ẹ tẹ U ńlá mọ́lẹ̀, ẹ má jù ú sílẹ̀. Nínú U, òdo àti ení ń gbara wọn lé ni, kò sí ìsinmi. Ẹ wo mítà: 3.3... ó ti já sí bíi 2. TX nìyẹn. RX kò ní mira.

Láti dán an wò, ẹ so TX okùn náà mọ́ RX rẹ̀. Lẹ́tà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ máa padà wá sójú yín. Bí ẹ bá tú wọn, lẹ́tà ò ní jáde mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe decoder, ẹ gbọ́ o! Ẹ má so okùn yìí mọ́ ẹnu RS-232, ẹnu serial àtijọ́ tó wà lẹ́yìn decoder. Iná ibẹ̀ lè tó volt 15, ó sì máa ń lọ sí òdì. Á jó chip yìí. MAX3232, chip tó ń yí iná yẹn padà sí èyí tí okùn lè gbà, ló gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn.

Ti router ò le. Ground sí ground, TX okùn sí RX router, RX okùn sí TX router. Ihò VCC, ìyẹn ihò iná, ẹ fi sílẹ̀. Router ní iná tiẹ̀. Ẹ fi baud sí 115200, kẹ́ ẹ wá tan router. Bí ọ̀rọ̀ bá jáde wúruwùru, ẹ dán 57600 tàbí 38400 wò. Bí kò bá fọhùn rárá, ẹ pààrọ̀ TX àti RX. Bó bá sì ti ń sọ̀rọ̀ geere, ẹ gbé e sórí inverter kẹ́ ẹ tó kọ software tuntun lé e, torí bí wọ́n bá múná lọ láàárín, ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀ ni.